Ìwọ̀n Eku

Ọ̀gbẹ́ni Hargreaves bi mí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Morecambe:
"Wáàtì mélòó lẹ ń jẹ lójúmọ́?"
Ẹ̀rín pa mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí,
ẹnìkan ò bi mí rí pé kí ni mo ń jẹ.
Ó fún mi ní bébà, ó fún mi ní bírò,
ó ní kí n kọ gbogbo ohun tó ń fa iná nínú ọkọ̀ náà,
bó ti wù kó kéré mọ.

Ọkọ̀ ọ̀hún wà níta, ó ti ń dógùn-ún létí ìlẹ̀kùn.
Oníbúrẹ́dì kan ló ni ín tẹ́lẹ̀;
bí òjò bá rọ̀, òórùn búrẹ́dì ṣì ń dìde láti abẹ́ pákó.
Àyọ̀ká jókòó síwájú, ó ń wo òkun
tó ti fà sẹ́yìn réré,
tó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé aṣọ rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.
Gílóòbù mẹ́rin. Fóònù méjì.
Rédíò, nítorí bọ́ọ̀lù.
Kẹ́tù: mo kọ kẹ́tù, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.
Hargreaves ní olè ni kẹ́tù,
omi tíì ẹ̀ẹ̀kan lè gbé iná odidi ọjọ́ kan mì nígbà òtútù.
Mo pa á rẹ́ pátápátá. Gáàsì á se tíì.
Fíríìjì kékeré.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró sí.
Kì í ṣe tìtorí ẹja, kì í ṣe tìtorí mílíìkì.
Ìgò ínsúlínì Àyọ̀ká ni,
tí kò gbọdọ̀ gbóná, tí kò sì gbọdọ̀ dì.

Ní Ìkìrun, oògùn bàbá mi
inú ìkòkò omi là ń tọ́jú rẹ̀ sí, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò a máa bú ramúramù di òru.
Iná rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wa rí.
Èéfín rẹ̀ dé.
Nítorí náà, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀, ìbáà kéré bí àpótí bàtà.

"Ẹyọ kan á tó yín lóṣù kẹfà," Hargreaves ní,
"nígbà tí oòrùn kì í fẹ́ lọ sùn.
Ṣùgbọ́n lóṣù kejìlá ńkọ́?"
Mo mọ oòrùn oṣù kejìlá níbí.
Àlejò tí kì í bọ́ bàtà ni:
aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló yọjú,
kó tó di aago mẹ́rin ó ti dágbére.
Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, òótọ́ ni,
ta ní fẹ́ jáde lọ wọn eku nínú ọ̀gìnnìtìn?
Mo tún owó kà nínú àpò mi, láìyọ ọ́ síta.

Ìgbà náà ni Àyọ̀ká wọlé.
Kò wo bébà mi.
Ó gbọ́wọ́ lé gíláàsì dúdú tó fara ti ògiri,
bí ẹni ń wò ó bóyá ibà ń ṣe é.
Ogún ọdún ló fi fọ aṣọ ibùsùn ní ọsibítù Lancaster,
nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí kò ní fèrèsé;
òkùnkùn ló ń bá wọlé, òkùnkùn ló ń bá jáde.
"Méjì," ó ní. "Oòrùn jẹ mí ní gbèsè."
Hargreaves ò gbọ́ Yorùbá,
ṣùgbọ́n ó lọ mú èkejì wá.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kàn án mọ́ òrùlé.
Òjò ń ṣẹ́, ìkùukùu bo òkè òdìkejì omi,
a sì dorí kodò sí ojú kékeré tó ń ka nọ́ńbà.
Wáàtì mọ́kànlá.
"Òun nìyẹn?" ni mo wí.
"Ó ń san án díẹ̀díẹ̀," Àyọ̀ká ní,
ó to ìgò rẹ̀ sínú fíríìjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ó pa ìlẹ̀kùn dé, ó sì fetí lé e
títí tó fi gbọ́ ọ tó ń kùn.

Àwa náà ṣì jẹ Hargreaves ní ogójì pọ́n-ùn.