Òjò Àkọ́rọ̀ ní Búkúrù

Òjò àkọ́rọ̀ kò kan ilẹ̀kùn.
Ó já lu páánù wa ní Búkúrù lóru Ọjọ́bọ̀.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, eruku oṣù márùn-ún ti di ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
igi jakaránda ojúde ti da òdòdó àlùkò sílẹ̀
bí ẹni tí àpò rẹ̀ ń jò bọ̀ láti ọjà.
Màmá wo ọ̀run, ó wo ilẹ̀,
ó ní, "Ẹ pe àwọn ará ilé."

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú:
òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, kí kálukú mú àjákù aṣọ kan wálé.
Kì í ṣe tuntun. Màmá kì í gba tuntun.
"Aṣọ tí kò tíì mọ òógùn,
kí ni yóò rò fún ẹnìkejì rẹ̀?"

Adégòróyè ti Sáríà mú etí kaftání tí áyọ́ọ̀nù jó.
Tìnúolá wá láti Kúbwá pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta
àti síkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé tí ó ti kéré jù fún ẹni tó ni ín.
Àǹtí Moríadé mú gèlè tí eku jẹ,
ó ń bú eku náà láti gáréèjì títí dé yàrá.
Hájíyà Ràbí na ìdajì sáánì kan lórí ògiri,
ó ní kí wọ́n rán òun náà mọ́ ọn.

Ojú Màmá kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́.
Àwọn ọmọ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí adìyẹ tó ń dúró de àgbàdo,
láti bá a ti òwú bọ̀ ọ́.
Ẹni tí tirẹ̀ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gba kúlíkúlí kan.
Àbíkẹ́yìn lá òwú, ó tún un lá,
títí òwú fi rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tó jinná jù.

Èmi ò mọ aṣọ rán. Ẹ̀yìnkùlé ni tèmi.
Ẹ̀ka róòsì tí Màmá Kàneng gé fún wa lọ́dún tó kọjá
dúró níbẹ̀, egungun lásán, ẹ̀gún lásán.
Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀ wò:
àwọ̀ ewé ló wà lábẹ́, ó tutù, ó ń mí.
Mo gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká. Mo gbin ìdò sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi
níbi tí ọrùn ewúrẹ́ kò ní lè dé.
Ewúrẹ́ náà ń wò mí láti ojú ihò.
Àwa méjèèjì mọ ohun tí à ń rò.

Tannápoṣó ní tirẹ̀ kì í dúró kí a gbin òun.
Bàbá ló da hóró rẹ̀ sí ìdí kànga
lọ́dún tí réluwéè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.
Ọdọọdún ló ń hù, kì í bèèrè ẹni tó kù nílé.

Nírọ̀lẹ́, Màmá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí,
ó fa ṣẹ́ẹ̀tì kakí kan yọ.
Yàrá dákẹ́. Àǹtí Moríadé pàápàá gbàgbé eku.
Ọdún mẹ́fà ló fi ń sọ pé, "Kò tíì yá."
Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gbé e kalẹ̀,
ó tún un mú.
Àpò àyà ló gé, tòun ti bọ́tìnnì.
Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ló rán mọ́ ìyókù,
ó fi òkè rẹ̀ sílẹ̀.
"Nítorí ọwọ́ ọmọdé," ló wí, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lóru, otútù orí òkè sọ̀kalẹ̀ wá bá wa.
Àwọn ọmọ ti wà lábẹ́ aṣọ tí kò tíì parí.
Àbíkẹ́yìn ki ọwọ́ bọ àpò náà,
ó kó hóró dúdú mẹ́rin jáde, líle bí ìyeré.
Mo wo Màmá. Màmá ń ká òwú tó kù.
Níta, òjò tún ti bẹ̀rẹ̀,
ewúrẹ́ sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi.