Máa Rọra Wà Á, Ìbídùn

Lọ́dún tí a fẹ́ra, o ní o máa mú mi lọ wo òkun.
O ní títì kan wà létí omi,
o ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa tú gèlè lórí obìnrin.
Ọdún méjìlélógójì nìyẹn.
Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ gbé ìdajì òkun mì,
páànù ilé gbé èyí tó kù.

Lónìí, Fátúrótì, èmi ni mo jókòó sídìí ọkọ̀.
Ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o gbé ọ̀pá lé orúnkún,
ojú rẹ ti dà bíi gíláàsì tí ọyẹ́ mí sí.
A kúrò ní Adó kí oòrùn tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe.
Pijó wa ń wúkọ́ títí dé Ìyìn;
ní Ìgèdè ó dákẹ́, ó ní òun ti jí.

"Máa rọra wà á, Ìbídùn."
Ta ló ń sáré? Ogójì ni mò ń fi.
Tírélà kan fun fèrè lẹ́yìn wa bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.
Mo yà fún un, mo ní kó máa lọ.
Kò sí ẹni tó ń dúró dè wá níbìkan.

"Kí lo ń rí?"
Mo ní: ọmọdékùnrin kan ru ọ̀gẹ̀dẹ̀,
odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fẹ́ẹ̀ tóbi ju ọmọ lọ.
Mo ní: obìnrin kan ń gbá ìta ṣọ́ọ̀ṣì,
ewúrẹ́ ń tẹ̀ lé e, ó ń ya ìgbẹ́ síbi tó ti gbá.
Kí n tó dé orí kòkó tí wọ́n sá sójú ọ̀dà ní Àrámọkọ
imú rẹ ti bá a pàdé.
"Kò tíì gbẹ," lo wí. "Kí wọ́n tètè kó o, òjò ń bọ̀."
Òótọ́ ni. Àwọsánmà ti ń kóra jọ lókè Erìó.

Níbi tí títì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ẹ̀fọ̀n,
o fi ọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń rẹ ẹṣin lẹ́kún.
"Afárá kékeré kìíní rè é."
Ìró táyà ló sọ fún ọ.
Ẹ̀yin lẹ fi okùn wọn ọ̀nà yìí nígbà tó ṣì jẹ́ igbó,
ìwọ àti Àlàdé, àti Adélúsì
tí ejò ká sínú bàtà rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan,
tó fi bàtà ẹyọ kan sá lọ, tí kò padà wá gba owó oṣù.
Mo ti gbọ́ ìtàn náà nígbà ọgọ́rùn-ún lórí àga ilé wa.
Níbí, mo yọjú wo inú igbó,
bóyá bàtà kejì ṣì wà níbẹ̀.

"Dúró ní kọ́nà kẹta."
Mo dúró. Mo pa ẹ́ńjìnnì.
Mo bu iṣu sísun tí a rà ní Ìtáwùrẹ́,
mo ta epo sí i; epo kán sí ṣòkòtò rẹ, n kò sọ fún ọ.
Nísàlẹ̀ wa, kùrukùru ti bo àfonífojì pátá,
ó funfun, ó ń ru jẹ́jẹ́, ó ń lá ẹsẹ̀ òkè,
orí àwọn ọ̀pẹ yọ nínú rẹ̀ bí orí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́.
Afẹ́fẹ́ kan wá láti ibẹ̀, ó tú gèlè mi.

"Kí lo ń rí?"
Iṣu kún mi lẹ́nu. Mo gbé e mì.
Mo ní: omi.
O rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo wọn ibí? Omi wo?"
Ṣùgbọ́n o yí orí síbẹ̀, o ṣí fìlà,
o jókòó bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀.
"Ó jìn bí?"
"Ó jìn."
"Ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ọkọ̀ wà lójú rẹ̀?"
Mo wò. Àṣá kan ṣoṣo ń rá bàbà, kò ju apá.
"Ẹyọ kan. Kò kánjú."

Mo fi etí ìró mi nu epo orí ṣòkòtò rẹ.
Aṣọ ti mu ún.