Ẹsẹ̀ Kẹjọ

Ní Kafáńṣán, níbi tí ojú irin mẹ́ta ti pàdé,
koríko ti hù bo igi tí irin sùn lé.
Ọkọ̀ ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà mìíràn kì í dé.
Ṣùgbọ́n bó bá di alẹ́ Ẹtì Rere,
àwa ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè a tò tẹ̀lé ara wa,
láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Médùpin ló máa ń síwájú,
àtùpà tó fi ń dá ọkọ̀ dúró láyé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́:
ojú kan pupa, ojú kan bí ewé,
òórùn kẹrosíìnì ń bá a rìn.
Ojú pupa ló máa ń yí síta.
Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n kan Olúwa mọ́gi,
ọkọ̀ wo ni yóò kọjá?"

Orin náà ò sí nínú ìwé kankan.
Ilẹ̀ Ìyàgbà ni wọ́n ti gbé e wá, nínú àpótí páànù,
òun àti ẹ̀wù kan, òun àti ọkọ́ tí kò rí oko mọ́.
Ẹsẹ̀ mẹ́tàlélógún.
Ìyá Jésù ń wá ọmọ rẹ̀.
Ó bi odò, odò kọjú sí apá kejì.
Ó bi ọ̀nà. Ọ̀nà ní,
"Ẹsẹ̀ pọ̀ lórí mi, ìyá,
n kò mọ èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀."

Èmi, Haúsá ni mo fi ń lálàá.
Ibi tí ìyá náà ti bú sẹ́kún ni mo mọ̀,
torí ohùn Bàbá máa ń là níbẹ̀ bí igi gbígbẹ.
Ìyókù, òjò lórí páànù.

Ọdún tí wọ́n ń tún afárá ṣe,
ẹnjiníà kan wà, ará Ítálì, Pantaléò,
tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù Làdì, tó ń mu míńírà.
A dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣí fìlà.
Nígbà tí orin parí, ó fi Haúsá rẹ̀ tó ń tiro sọ fún wa pé
ní gìgísẹ̀ ilẹ̀ àwọn, nílùú kékeré kan,
èdè Gíríìkì ni àwọn àgbà ń sọ nínú ilé,
kì í sì í ṣe àná ni wọ́n dé ibẹ̀.
Bí ọ̀sẹ̀ ọ̀pẹ bá kù sí dẹ̀dẹ̀,
arúgbó méjì a máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn,
ọ̀kan ń fa dùùrù àyà, ọ̀kan gbé ẹ̀ka ólífì
tí wọ́n so ọsàn àti ríbọ́ọ̀nù mọ́,
wọ́n á kọ ìjìyà Olúwa látòkè délẹ̀,
àwọn onílé á fún wọn lẹ́yin.
"Ìyá mi àgbà mọ gbogbo rẹ̀," ó ní.
"Ìyá mi mọ ìdajì.
Èmi, ohùn orin nìkan ló kù sí mi lẹ́nu."

Bàbá Médùpin bi í pé, "Ẹyin mélòó?"
A rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Ó dáa, gbé ohùn ọ̀hún wá."

Pantaléò dìde dúró sáàárín irin méjì,
ó ń kùn, láìsí ọ̀rọ̀ kan,
bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.
Lódìkejì, Málàm Tánkò pa rédíò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a rí i, ó so ọsàn mẹ́rin mọ́ ẹ̀ka dongoyárò.
Ewúrẹ́ jẹ mẹ́ta.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ló mú Bàbá lọ.
Àtùpà kù sí mi lọ́wọ́.
Ẹsẹ̀ méje ni mo ní nínú mẹ́tàlélógún,
méje tí mo ń kà lákàtúnkà bí owó tí kò pé.
Lẹ́nu ọ̀nà Làdì, mo dé ẹsẹ̀ kẹjọ.
Mo dákẹ́. Mo wá ń kùn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Talátù, fa aṣọ mi:
"Wa ake nema?"
Ta ni wọ́n ń wá.
Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń tẹ̀lé àtùpà yìí,
n kò bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.
"Ɗanta," mo ní. Ọmọ rẹ̀ ni.
Ó wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀.
Ó gbé ẹyin kan jáde, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́,
ìyẹ́ adìyẹ kan lẹ̀ mọ́ ọn.