Òjìji Ìsàlẹ̀ Fọ́tò

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni mo wà, nínú yàrá tó ń gbọ̀n,
torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Bàbá Kóládé ń sáré nísàlẹ̀,
ó ń tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tí ò tíì dé.
Ṣómólú nìyẹn. Yíǹkì ló ń rùn ládùúgbò wa.
Èmi kì í tẹ̀wé. Ojú ni mo máa ń tún ṣe.

Ẹ gbé ìyàwó tó sunkún kó tó ya fọ́tò wá,
màá nu omijé rẹ̀, màá fi oòrùn lé e léjìká.
Mo ti fi òkun sẹ́yìn ọkùnrin tí ò kọjá Ọ̀yìngbò rí.
Lánàá, mo yọ ọwọ́ tó gbé ọmọ ìkókó kan dúró,
ló bá dà bí ẹni pé ọmọ náà ń fò.

Alàgbà Múdàṣírù wá láti Òkè Pópó.
Ó fi ọ̀rá wé fọ́tò, ó tún fi ọ̀rá mìíràn wé ọ̀rá.
"Ìyá mi nìyẹn. Òun nìkan ló ṣẹ́kù.
Bá mi sọ ọ́ di ohun tó ṣeé gbé kọ́ ògiri."

Ó hàn lójú kọ̀ǹpútà:
obìnrin kan níwájú ilẹ̀kùn, oòrùn mú un dijú pọ̀,
gèlè rẹ̀ ti yẹ̀, okùn aṣọ gba orí rẹ̀ kọjá,
àwọ̀ ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ láfọ̀jù,
bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì ò hàn.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ́ ìpele kan lé fọ́tò lórí,
mo tún tẹ́ òmíràn, bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní lórí ẹní.
Mo yọ okùn aṣọ kúrò. Mo la ojú ìyá, díẹ̀ báyìí.
Mo rí nǹkan dúdú kan tó nà gbọọrọ nísàlẹ̀,
tó gun etí ìró rẹ̀ bí àbàwọ́n epo.
Àṣìṣe ni, mo wí fún ara mi. Mo pa á rẹ́.
Mo yá erùpẹ̀ tó mọ́ lápá òsì, mo fi dí ojú ibẹ̀.
Ìgbà náà ni mo wá da ọ̀dà sí i:
búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà ewéko sára ògiri,
gèlè gba àlùkò,
ẹ̀yìn ìyá rí bàìbàì, bí ìgbà tí ìkùukùu bo ọ̀sà.
Ó rẹwà. Kí n má purọ́, inú mi dùn sí ọwọ́ mi.

Bàbá wò ó. Ó bọ́ jígí ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.
"Ọmọ mi, bàbá mi ńkọ́?"
Mo ní, "Ìyá nìkan ló wà níbẹ̀ o, bàbá."
Ó na ìka. Ìka náà ń gbọ̀n, kì í ṣe ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ló ń mì ín.
"Níbí. Òun ló di kámẹ́rà mú,
oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.
Kò pé oṣù kan tó fi bómi lọ ní Èbúté Èrò.
Ẹnikẹ́ni ò ya òun rí."

Mo tẹ bọ́tìnnì àdápadà.
Ọ̀dà ṣí kúrò. Ìkùukùu ká.
Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́.
Erùpẹ̀ tí mo yá padà sílé rẹ̀,
òjìji sì dìde láti ìsàlẹ̀ fọ́tò:
fìlà tó tẹ̀ sápá kan, ìgúnpá méjì tó là síta
bí ìyẹ́ adìyẹ tó fẹ́ fò.
Orí rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ìyá.
Bàtà kejì, inú òkùnkùn orí yẹn ló wà.

Mo fi dúdú díẹ̀ kún òjìji. Mi ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Owó bébà ni mo gbà.

Nígbà tó lọ tán, mo ṣí fọ́tò ọmọ tó ń fò,
mo ń tẹ àdápadà, mo ń wá ọwọ́ tó gbé e.
Kò sí nǹkan tó dáhùn.
Mo ti pa fáìlì náà dé láti àná.