Garawa Kankan Kò Sí Níbẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kejì mi nílé ìtọ́jú arúgbó ní Longton,
aago mẹ́fà ìdájí, òjò ń ta sára fèrèsé.
Gáréètì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń wọ kóòtù rẹ̀,
ó ní, "Énọ́kù ti yàrá kẹsàn-án ta garawa nípàá lóru."

Mo gbé mọ́ọ̀pù. Mo mú àkísà méjì.
Mo ń rò ó lọ lójú ọ̀nà:
bàbá tí kò gbẹ́sẹ̀ láti oṣù mẹ́ta,
ẹsẹ̀ wo ló fi ta garawa?
Mo ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀ gbẹ táútáú.
Garawa kankan kò sí níbẹ̀.
Wọ́n ti fa aṣọ bo bàbá lójú,
sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.
Mo dúró ti mọ́ọ̀pù mi
bí ẹni tó gbé ọkọ́ wá síbi ìkómọ.

Dóríìn ló là mí lójú,
Dóríìn ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
tó fi ogójì ọdún kun òdòdó sára ife ẹlẹ́gẹ́
nígbà tí àwọn ààrò onígò ṣì ń tu èéfín sójú ọ̀run ìlú yìí.
Ó rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.
Ó ní, "Jókòó, pẹ́pẹ́yẹ mi"
(bí wọ́n ṣe ń kẹ́ ènìyàn níhìn-ín nìyẹn, ẹ má bi mí),
"gbogbo ẹrù inú ilé ló lẹ́nu."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń ya irun rẹ̀,
yóò nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù:
egungun wà nínú ti gbogbo ẹbí.
Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbá ìtìjú sí.
Ṣíbí fàdákà, àwọn ọmọ kan gbé e sẹ́nu wáyé.
Ẹni tí nǹkan bá sú ló ń ju táwẹ̀lì sílẹ̀.
Àbẹ́là tí a tàn lórí, tí a tún tàn nídìí:
"Ìwọ nìyẹn, ìwọ olóṣìṣẹ́ òru, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán."
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó oṣù mi.

Lọ́jọ́ kan ó ní ìkòkò ń bú kẹ́tùlù pé ó dúdú.
Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.
Kẹ́tùlù orí tábìlì funfun báláú, ike ni.
Ọwọ́ mi ló dúdú, lórí irun rẹ̀.
Kóòmù dúró láàárín.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀: "Èéfín ni wọ́n ń sọ.
Lọ́jọ́ Ajé, ìyá mi á fọṣọ,
aṣọ á ti dúdú kó tó gbẹ."
Mi ò mọ̀ bóyá àwáwí ni.
Mo ya irun náà tán.

Ó ní, "Lọ́dọ̀ tiyín ńkọ́, kí lẹ̀ ń sọ bí ẹnì kan bá kú?"
Mo ní ó kù sọ́wọ́ ẹni tó kú.
Ọba kì í kú. Ọba wàjà ni.
Ó gbójú sókè sí àjà yàrá rẹ̀,
níbi tí omi ti jò tó ya àmì bí erékùṣù.
"Sáàárín àpótí Kérésì àti eku?"
Ẹ̀rín wa ló pe Kásíà wá láti kíṣìnnì.
Mo ní àwọn tí kì í ṣọba, àwọn àgbàlagbà,
a máa ń ní wọ́n filẹ̀ bora bí aṣọ.
Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.
Ó ní, "Á móoru,"
ó sì fa búláńkẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀.

Oṣù Ẹrẹ́nà, òru tèmi ni.
Gáréètì dé lówùúrọ̀, ó bọ́ kóòtù,
ó béèrè bí ilé ṣe sùn.
Garawa mẹ́rin ló wà lábẹ́ síǹkì, mo ti kà wọ́n,
ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n.
Mo ní, "Dóríìn wàjà."
Ó wòkè. Ó wo ojú mi.
Ó ní, "Àkàbà wà nínú gáráàjì."