Ilẹ̀kùn Tí A Ń Tì Láti Inú

Akínlolú ló mú orin náà wọ ṣọ́ọ̀bù,
nínú fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán.
Régétọ̀n, ó ní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é.
N kò gbọ́ èdè ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́.
Etí òsì mi kò sì gbọ́ èdè kankan mọ́
láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan.
Ṣùgbọ́n ó gbé fóònù sórí tábìlì irin,
ìlù náà gba inú irin wọ ìgbọ̀nwọ́ mi:
gbùm, gbà-gbùm, gbà.

Mo ní, "Lolú, dá a padà sẹ́yìn."
Ibì kan wà níbẹ̀, kí ìlù tó tún wọlé,
tí ọmọbìnrin náà ti fa èémí.
Kì í ṣe èémí olórin.
Èémí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọwọ́ lọ́rùn rẹ̀ ni.
Mo ti mí in rí,
lórí sìmẹ́ńtì tútù, lẹ́yìn ilẹ̀kùn
tí ọkùnrin kan fi àgádágodo tì láti ìta
tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta. Òjò ń rọ̀ sórí páànù gbogbo Àkúrẹ́,
èmi ń fi ahọ́n ka eyín tó kù.
Ìyá mi ti ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́.
Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé wẹ́dà ló gé àgádágodo náà,
Bàbá Adétulà, tí kò bi mí léèrè ohunkóhun,
tó na ìbòjú dúdú sí mi, tó ní,
"Bojú, ọmọ mi. Iná yìí kò mọ ẹni tó ti jìyà."

Ọjọ́ tí wọ́n yọ òwú ojú ọgbẹ́ mi,
n kò gba ọ̀nà ilé. Mo gba ọ̀nà Ìjọ̀kà,
mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ó fi dé.
Wọ́n ní, obìnrin? Nídìí iná?
Wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ,
ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.
Ẹ wo aṣọ mi, ó lu bí ajere,
iná kò tíì tán níbẹ̀.
Ẹ wá wo èékánná:
ìpẹtà irin ni.

Ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe. Inú ni ìdábùú rẹ̀ ń wà.
Ọkùnrin Ọ̀bà-Ilé kan ní kí n fi tirẹ̀ síta,
"nítorí ìyàwó mi."
Mo dá owó rẹ̀ padà. Oṣù yẹn, n kò rí owó ṣọ́ọ̀bù san.
Ìyá Fadérera fi oṣù méje san tirẹ̀.
Nígbà tí a gbé e kọ́, ó wọlé, ó fà á tì.
A dúró níta, a kò gbọ́ nǹkan kan.
Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ìwọ ọmọbìnrin inú fóònù,
bóyá ọtí lò ń kọrin nípa rẹ̀, bóyá ijó lásán.
Bí o bá gba Àkúrẹ́ kọjá,
béèrè wẹ́dà obìnrin n'Ìjọ̀kà.
Apá ọ̀tún ni kí o ti bá mi sọ̀rọ̀.
Mú ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà rẹ dání.