Asẹ́ Tuntun

Wọ́n fi wọ́n kọ́ ara ògiri bí ẹja gbígbẹ
ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ kan ní Yorkton,
níbi tí yìnyín ti ń há mọ́ bàtà ènìyàn títí wọ oṣù kẹrin.
Mo dúró níwájú wọn
bí ẹni tí wọ́n ní kó wá yan ìyàwó fún ọmọ ẹlòmíràn.
Dúdú wà. Yẹ́lò wà. Aláwọ̀ ewé wà.
Agbe ló laró, àlùkò ló losùn,
ta ló wá ni yẹ́lò?

Lọ́dún tó kọjá, dúdú ni mo rà.
Ó wọ́n, ó sì wúwo; mo ní ohun tó wúwo ní í gbani.
Àṣé òórùn ọ̀dà àti tínà ni dúdú ń mú,
kò bá eruku ṣẹ̀ rárá.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbá ìsàlẹ̀ àká ọkà,
tí mò ń fa eruku báálì símú bí áṣáà,
tí mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìbòmú.

Orest ló là mí lójú.
Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ àká láì bo imú,
torí bàbá rẹ̀ ò bo tiẹ̀.
Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré ló wọ ilé rẹ̀,
ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sinmi lórí rẹ̀.
Bó bá rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ á máa dún
bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Ó ní, “Ka ẹ̀yìn rẹ̀. Má wo ìwúwo.”

Mo gbé jígí wọ̀, mo kà á.
Ọ̀kan ní òun ń mú márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.
Márùn-ún tó kù, àyà ta ló ń lọ?
Ìyá mi máa ń fi asẹ́ sẹ́ ògì,
èèpo lókè, omi funfun nísàlẹ̀.
Kò sọ fún mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀
tí n óo máa sẹ́ afẹ́fẹ́.

Aláwọ̀ àlùkò, nígbà náà.
Mo mú èyí tó dínwó, mo yí i, kò há.
Mo tún un yí.
Ilé-iṣẹ́ kan kì í bímọ fún ilé-iṣẹ́ kejì.
Mo dá a padà, mo mú olówó gọbọi.

Ọmọbìnrin tó ń gbowó wo páálí, ó wo àgbọ̀n mi.
“Sà, èyí tó wù kí ẹ rà,
irùngbọ̀n yín á ṣílẹ̀kùn fún eruku.”

Irùngbọ̀n ọdún mọ́kànlá!
Èyí tí mo gbé wọ ìlú yìí,
tó wà nínú fọ́tò ìwé ìgbélùú mi,
tí Mọrẹ́nikẹ́ ń dì mú bí oorun bá ń kùn ún.

Ẹ̀mí ò láàrọ̀, mo mọ̀.
Asẹ́ láàrọ̀: méjì nínú páálí kan,
déètì ìgbà tó máa bàjẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀.
Mo wá ibi tí wọ́n kọ tèmi sí, mi ò rí i.

Nílé, irun já sínú béésìn bí ìyàngbò.
Kẹ́, ni asẹ́ ọ̀tún dún. Kẹ́, ni tòsì.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí méjèèjì, mo fa èémí:
rọ́bà wọlé, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́,
kò jò.

Mọrẹ́nikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.
“Dádì mi dà?”
Ohùn mi jáde bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àmù.
Mo bọ́ ọ.
Ó wò mí pẹ́,
ó fi ìka kan ṣoṣo kan àgbọ̀n mi, níbi tó ń ta mí.
“Ó tutù,” ló wí, ó sì lọ.

Ọkọ̀ ojú irin tó kó àlìkámà ń bọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí.
Mo wá bírò,
mo kọ déètì òní sára asẹ́.